Ọkọ̀ Tí Ń Jò: Bí A Ṣe Lè Wá Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọlé, Kí A Sì Tún Un Ṣe

Ẹ̀kọ́ òní wà fún awakọ̀. Ó wà fún ẹni tí ó ní ọkọ̀. Ó sì wà fún ẹni tí ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà. A ó kà nípa omi tí ń wọ inú ọkọ̀. Ẹ lè rò pé ọ̀ràn kékeré ni. Kì í ṣe ọ̀ràn kékeré rárá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa.

AWAKỌ̀ KAN ÀTI ÀPÒ GÀRÍ

Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì alẹ́ wa. Iṣẹ́ awakọ̀ ni ó ń ṣe. Láti Kétu ni ó ti ń gbé èrò. Á gba Pọ́bẹ̀ kọjá, á sì já wọn sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ àlòkù ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí èbúté Kútọnu láti òkè òkun. Ọkọ̀ yìí ni ó fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Ní àkókò òjò kan, ó rí i pé ibi ẹsẹ̀ èrò tí ó jókòó níwájú, ní apá ọ̀tún, tutù. Ó fi àkísà nù ún. Ó ní, “Òjò ni. Òjò á dá.” Lóòótọ́ òjò dá. Orí kápẹ́ẹ̀tì gbẹ. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù tí ó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kò gbẹ. Ó mu omi bí kànrìnkàn. Nígbà tí ó pẹ́, inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn èrò ń di imú.

Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan. Oníṣẹ́ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Rọ́bà dígí iwájú ni.” Ó sanwó, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà. Òjò rọ̀, omi tún wọlé. Oníṣẹ́ kejì ní, “Rọ́bà ilẹ̀kùn ni.” Ó tún sanwó. Òjò rọ̀, omi tún wọlé.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan gbé àpò gàrí sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú. Nígbà tí wọ́n dé Àjàṣẹ́, ìdí àpò náà ti rin gbingbin. Gàrí ti mu omi, ó ti wú. Ta ni yóò ra gàrí bẹ́ẹ̀? Awakọ̀ ni ó san owó rẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó ṣí kápẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka kan irin ilẹ̀ ọkọ̀. Ìka rẹ̀ yọ sí ìsàlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó nínú kíláàsì, kò ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, ọkọ̀ yìí ni oko mi. Bí ó bá bàjẹ́, níbo ni n ó ti roko?”

A pa ìwé kíkà tì ní alẹ́ ọjọ́ náà. A jọ sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ náà. Ohun tí a sọ, àti ohun tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

ÌDÍ TÍ OMI INÚ ỌKỌ̀ FI BURÚ

Èkíní: omi ń jẹ irin. Ilẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí kò nípọn. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀, yóò dípẹtà. Orí irin yẹn ni wọ́n de ìjókòó mọ́. Ara rẹ̀ ni wọ́n tún de ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì ìjókòó mọ́. Bí irin bá ti jẹrà, ìjókòó lè tú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Èkejì: omi ń ba wáyà jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá. Bí omi bá dé ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, nǹkan bí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé yóò hù sí bàbà inú rẹ̀. Iná ọkọ̀ yóò máa ṣe ségesège. Bátìrì lè kú mọ́jú. Wáyà méjì lè kan ara wọn, kí ó gbiná.

Ẹ̀kẹta: ibi tí ó tutù tí afẹ́fẹ́ kò dé, nǹkan máa ń hù níbẹ̀, bí èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu. Èémí rẹ̀ kò dára. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò lè fara dà á.

Ẹ̀kẹrin: omi inú ọkọ̀ ń di ìkùukùu sára dígí. Awakọ̀ kò ní ríran dáadáa, pàápàá ní alẹ́ àti nínú òjò.

Ẹ̀karùn-ún: ó ń ba ẹrù jẹ́, ó sì ń dín iye ọkọ̀ kù lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tà á.

IRÚ OMI WO NI?

Kí ẹ tó wá ihò, ẹ kọ́kọ́ béèrè: irú omi wo ni èyí? Oríṣi omi mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú ọkọ̀. Ẹ mú àkísà funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó tutù. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Omi òjò. Kò ní àwọ̀, àyàfi bí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀. Ó máa ń wá lẹ́yìn òjò, tàbí lẹ́yìn tí a bá fọ ọkọ̀.

Omi ẹ̀rọ atutù. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tí ń mú inú rẹ̀ tutù, ẹ̀rọ náà máa ń fa omi jáde láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ wo ife omi tútù lọ́jọ́ ooru. Ẹ rí i bí omi ṣe ń sun lára ife náà? Bákan náà ni. Omi yìí ní ọ̀nà tirẹ̀, rọ́bà kékeré kan ni ó ń gbà jáde sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí omi tí ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ atutù ń ṣiṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá kán sílẹ̀, tí inú ọkọ̀ sì tutù ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn, rọ́bà náà ti dí.

Omi ẹ́ńjìnì. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ òtútù ní ẹ̀rọ kan tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná. Ràdíétọ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ yìí, lábẹ́ pátákó iwájú awakọ̀. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnì ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá lu, omi ẹ́ńjìnì yóò dà sí ibi ẹsẹ̀. Omi yìí lè ní àwọ̀ ewé, tàbí àwọ̀ pupa, tàbí àwọ̀ aró. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ dà bí ohun dídùn. Nǹkan bí epo lè lẹ̀ mọ́ dígí iwájú láti inú. Omi inú ràdíétọ̀ ńlá á sì máa dínkù. Bí ó bá jẹ́ pé omi lásán ni ẹ ń dà sínú ràdíétọ̀, kò ní ní àwọ̀. Ìdínkù omi ràdíétọ̀ ni yóò sọ fún yín.

Ẹ kíyè sí èyí: omi aláwọ̀ yẹn jẹ́ májèlé. Ó dùn lẹ́nu, nítorí náà ajá lè lá a, ọmọdé lè mu ún. Ó lè pa wọ́n. Bí ó bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi omi ṣan ibẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò omi mímu.

ỌKỌ̀ NÁÀ NÍ OJÚ ÀGBÀRÁ

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ wé ilé. Ilé tí ó dára kì í dá òjò dúró. Ó ń darí rẹ̀. Omi á gba orí páànù, á di ọ̀ṣọ̀rọ̀, á bọ́ sí ojú àgbàrá, á sì lọ. Bí ẹnìkan bá da pàǹtí dí ojú àgbàrá, omi á padà wọ yàrá.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rí. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé omi yóò wọ àwọn ibì kan. Wọ́n sì lu ihò tí omi yóò gbà jáde. Àwọn ibi náà nìyí:

1. Abẹ́ dígí iwájú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní àwo olójú-ihò níbẹ̀, nítòsí àwọn ọ̀pá tí ń nu dígí. Omi tí ó bá ṣàn láti orí dígí á wọ inú rẹ̀, á sì gba ihò jáde sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀. Bí ewé bá dí ihò omi, omi á kún, á sì gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ bọ́ sí ibi ẹsẹ̀.

2. Inú ilẹ̀kùn. Bí òjò bá ń rọ̀, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ dígí ilẹ̀kùn wọ inú ilẹ̀kùn. Èyí kì í ṣe àléébù. Àwọn ihò kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde. Bí ẹ bá gbọ́ omi tí ń mì jagbajagba nínú ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ bá ṣí i, àwọn ihò náà ti dí.

3. Fèrèsé orí ọkọ̀, bí ọkọ̀ bá ní in. Ọ̀nà omi wà yí i ká. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní àwọn igun rẹ̀ tí ń gbé omi lọ sí ìsàlẹ̀.

4. Etí ibi ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀. Ojú àgbàrá wà yí i ká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà.

Ẹ rántí: kì í ṣe gbogbo ihò ni a ń dí. Ihò mìíràn wà tí ó ní láti là.

OMI Ń TAN NI JẸ

Ibi tí ẹ ti rí omi kì í sábà jẹ́ ibi tí ó gbà wọlé. Omi lè wọlé lórí ọkọ̀, kí ó gba inú aṣọ òrùlé, kí ó tọ wáyà sọ̀kalẹ̀, kí ó tó kán sí ibi ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí imú rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, omi ẹ̀yìn á ṣàn wá sí iwájú. Bí imú rẹ̀ bá kọ sí òkè, omi iwájú á ṣàn lọ sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó tutù, kí ẹ sì máa fi ojú àti ọwọ́ tọ ipa omi lọ sí òkè.

ÌWÉ KÉKERÉ KAN ÀTI BÍRÒ KAN

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ awakọ̀ wa. A kò fún un ní owó. A kò fún un ní rọ́bà tuntun. A ní kí ó mú ìwé kékeré kan àti bírò kan, kí ó fi wọ́n sínú ọkọ̀. Kí ó kọ ohun mẹ́rin lójoojúmọ́: ọjọ́ náà, bóyá òjò rọ̀, ohun tí ọkọ̀ ń ṣe, àti ibi tí ó tutù. Kò tíì mọ̀wé kọ dáadáa nígbà náà. Ó kọ ọ́ bí ó ti mọ:

Ọjọ́ 4. Òjò díẹ̀ ní alẹ́. Ọkọ̀ wà nílé lábẹ́ máńgòrò. Iwájú ọ̀tún tutù.

Ọjọ́ 6. Kò sí òjò. Ẹ̀rọ atutù ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó gbẹ.

Ọjọ́ 9. Òjò ńlá. Ọkọ̀ wà ní gáréèjì. Iwájú ọ̀tún tutù gan-an.

Ọjọ́ 11. Kò sí òjò. Mo fọ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó gbẹ.

Ọjọ́ 13. Kò sí òjò. Mo da omi sí dígí iwájú. Iwájú ọ̀tún tutù.

Ó ka ohun tí ó kọ fún wa nínú kíláàsì. A jọ wò ó. Ní ọjọ́ 6, ẹ̀rọ atutù ṣiṣẹ́, ibẹ̀ kò tutù. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ atutù nìyẹn. Omi ẹ́ńjìnì kò sì mọ̀ bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Kì í ṣe òun náà. Ní ọjọ́ 11, ó fọ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ gbẹ. Kì í ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn. Ní ọjọ́ 13, ó da omi sí dígí iwájú, omi sì wọlé. Rọ́bà dígí yẹn ṣì tuntun. Níbo ni omi dígí ń ṣàn lọ? Abẹ́ dígí ni.

Obìnrin kan nínú kíláàsì, tí ń ta èso, ni ó béèrè pé, “Bàbá, ewé máńgòrò ńkọ́?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ wa tú àwo olójú-ihò abẹ́ dígí. Ewé tí ó ti jẹrà kún ibẹ̀, ó ti dúdú bí ilẹ̀ àkìtàn. Ó fi ọwọ́ kó o kúrò. Ó da omi síbẹ̀. Omi já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú ọkọ̀ gbẹ. Kò ná kọ́bọ̀. Rọ́bà méjì tí ó ti sanwó lé lórí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

BÍ A ṢE Ń WÁ IHÒ: ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

Ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ yọ táyà àpamọ́, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí omi sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun gbogbo gbẹ. Ẹ kò lè rí omi tuntun níbi tí omi àtijọ́ wà.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti sí ibi ẹrù. Ìwé máa ń fi hàn kíákíá ibi tí omi kọ́kọ́ kán sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò. Ẹ wá ipa ẹrẹ̀, ìpẹtà, tàbí àmì funfun tí omi fi sílẹ̀ nígbà tí ó gbẹ. Ẹ wo òkè ibi ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àti ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ jẹ́ ẹni méjì. Ẹnìkan á wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkejì á wà níta pẹ̀lú omi. Bí kò bá sí rọ́bà omi, agolo tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, dígí ilẹ̀kùn, abẹ́ dígí iwájú, etí dígí iwájú, lẹ́yìn náà òrùlé. Ẹ lo ìṣẹ́jú 5 sí 10 ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn dé ibi gbogbo, ẹ kò ní mọ èyí tí ó jò. Nígbà tí ẹni inú ọkọ̀ bá kígbe pé “Omi rèé!”, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ tí ń ta omi pẹ̀lú agbára. Ó lè fi omi wọ ibi tí òjò kì í wọ̀, á sì ṣì yín lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ẹ dán rọ́bà ilẹ̀kùn wò. Ẹ mú ẹfun, irú èyí tí a fi ń kọ̀wé sára pátákó. Ẹ fi kun rọ́bà ilẹ̀kùn yíká. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tún ṣí i. Ẹfun á ti fi àmì sílẹ̀ lára irin. Ibi tí àmì kò bá sí, rọ́bà kò kan irin níbẹ̀. Ẹ tún lè fi ìwé pélébé kan sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í, kí ẹ sì fa ìwé náà. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà kò dì í mú.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Ihò tí ó dí. Ẹ fi ọwọ́ kó ewé kúrò. Ẹ fi ọwọ̀n ìgbálẹ̀ rọra la àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un, ẹ ó ha ọ̀dà ara irin kúrò, ibẹ̀ á sì dípẹtà. Fún rọ́bà fèrèsé orí ọkọ̀, ẹ lo okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò le. Ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ líle sí i. Rọ́bà náà lè já nínú ọkọ̀, kí jíjò wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀rá inú ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn pátákó inú ilẹ̀kùn, ọ̀rá kan wà tí ń dá omi padà. Nígbà púpọ̀, ẹni tí ó tún dígí tàbí rédíò ṣe ti fa ọ̀rá yìí ya, kò sì lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ fi ọ̀rá tí ó nípọn dípò rẹ̀. Ẹ lẹ etí rẹ̀ yíká. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú irin ilẹ̀kùn, kí omi lè padà sínú ilẹ̀kùn, kí ó sì gba ihò jáde.

Rọ́bà ilẹ̀kùn. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná. Iyanrìn nìkan lè jẹ́ kí ó má dì mú. Bí ó bá ti ya, tàbí tí ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Dígí iwájú. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968, rọ́bà ni ó di dígí mú. Bí rọ́bà bá ti le tí ó sì ti sán, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó dé lẹ́yìn wọn, àtè líle ni wọ́n fi lẹ dígí mọ́ irin. Dígí bẹ́ẹ̀ ń fi agbára kún ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ dígí tí ó mọ iṣẹ́ lẹ̀ ẹ́. Ó ní láti ha ìpẹtà kúrò kí ó tó fi àtè síbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí ẹ lè wa ọkọ̀, kí ẹ sì dúró de ìgbà náà.

Òrùlé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò ní irin tí a ń di ẹrù lé lórí. Bí wọ́n bá lu ihò sí òrùlé láti fi dè é, omi lè gba ibẹ̀. Ẹ tú ìdè náà, ẹ nu ihò rẹ̀, ẹ fi àtè tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní másítíìkì yí i ká, kí ẹ sì dè é padà.

Iná ẹ̀yìn. Rọ́bà pẹlẹbẹ wà láàárín iná ẹ̀yìn àti irin. Bí ó bá bàjẹ́, omi á wọ ibi ẹrù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ atutù. Ẹ wá rọ́bà kékeré rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ rọra la ẹnu rẹ̀. Omi tí ó ti dúró nínú rẹ̀ á tú jáde.

Ràdíétọ̀ kékeré tí ó lu. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà lọ sọ́nà jíjìn. Bí omi bá tán, ẹ́ńjìnì á jó. Ẹ má sì ṣí ràdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná. Omi rẹ̀ á ta sókè, á bó yín lójú.

GBÍGBẸ ỌKỌ̀ ÀTI ÌPẸTÀ

Dídí ihò kò tó. Omi tí ó ti wọlé ní láti jáde. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbogbo nínú oòrùn. Ẹ yọ tìmùtìmù, kí ẹ fún un, kí ẹ sì sá a. Ó lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó gbẹ dénú. Bí ó bá ń rùn síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì kúrò. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, ẹ má ṣe fa wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà lábẹ́ ìjókòó. Ó lè jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde nígbà ìjàǹbá.

Níbi tí ìpẹtà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ha á títí irin yóò fi dán, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà. Bí ó bá ti lu, ẹ wá ẹni tí ń jó irin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Kí ó tó tan iná, ẹ rí i pé ó wo abẹ́ ọkọ̀, kí kápẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó sì ti kúrò.

Ẹ má ṣe lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ kí omi lè jáde. Ihò tí ń mú omi òjò jáde ni yóò mú omi ọ̀nà wọlé.

KÍ ÒJÒ TÓ DÉ

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń wá lọ́dún: òjò ńlá tí ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, àti òjò àrọ̀kúrò tí ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Kí òjò kọ̀ọ̀kan tó dé, ẹ kó ewé kúrò lábẹ́ dígí. Ẹ la ihò ilẹ̀kùn. Ẹ fọ rọ́bà. Ẹ da omi sórí ọkọ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀. Ìdajì wákàtí kan péré ni.

Awakọ̀ wa ṣì ń ná Kétu sí Àjàṣẹ́. Wọ́n ti fi irin tuntun lẹ ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Owó yẹn dùn ún, nítorí ì bá tí ná an bí ó bá ti wo abẹ́ dígí lọ́jọ́ kìíní. Ìwé kékeré rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀. Nísinsìnyí ó ń kọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnì àti iye tí ó san fún oníṣẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó fa owó yọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó, ẹ kọ ọ́, ẹ sì rò ó.

ÌBÉÈRÈ

1. Oríṣi omi mẹ́ta wo ni ó lè wà nínú ọkọ̀? Báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá ń da omi sí ọkọ̀ láti wá ihò?
3. Àwọn ihò wo ni kò yẹ kí a dí?
4. Ẹ tún ohun tí awakọ̀ kọ ní ọjọ́ 11 àti ọjọ́ 13 kà. Kí ni ọjọ́ méjèèjì kọ́ ọ?
5. Ẹ ronú nípa ohun kan tí ó ń bàjẹ́ nílé yín tàbí níbi iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí nípa rẹ̀ fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì kà á fún kíláàsì.